Ẹ̀gbọ́n Mi Ló Kọ́ Ọ

Ẹ má ṣe kẹ́dùn mi. Ẹni tí àánú bá ń ṣe, kó lọ ṣàánú ẹ̀gbọ́n mi, nítorí èmi ni mo fọwọ́ ara mi sọ wọ́n nù. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fi ṣe é, ẹnu tí mo fi ń jẹ ẹran ni mo sì fi sọ ọ́.

Adébísí ni orúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Dallas, opó ni mí, ilé mi sì wà ní Rowlett, níbi tí ènìyàn ti lè rí adágún omi láti ojú fèrèsé bó bá na ọrùn dáadáa. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, Dárasími. Bọ̀dá Túnbọ̀sún, ẹ̀gbọ́n mi, fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Nígbà tí bàbá wa kú, àwọn ni wọ́n di bàbá mi. Wọ́n lọ sí orílẹ̀-èdè Sípéènì, wọ́n ń po sìmẹ́ńtì, wọ́n ń to bíríkì, òógùn ojú wọn ni mo fi ka ìwé nọ́ọ̀sì. Ohun tí ẹ nílò láti mọ̀ nípa ìgbà èwe mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àwa ọmọ Yorùbá Dallas. Bí ẹnì kan nínú wa bá ra mọ́tò, á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí pásítọ̀ lè gbàdúrà sí i, á sì páàkì rẹ̀ síbi tí gbogbo ìjọ yóò gbà kọjá. Ẹni tó ń yí arúgbó padà lórí ibùsùn á ní òun wà ní "healthcare management." Mo mọ̀, nítorí èmi náà ti sọ ọ́ rí.

Dárasími fẹ́ fẹ́ Tèmítáyọ̀, ọmọkùnrin Dókítà Timothy Adéyẹmọ. Dókítà ní ọ́fíìsì ní Addison. Iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀, Gbéminíyì, ni kó máa sọ fún ènìyàn pé Dókítà ní ọ́fíìsì ní Addison.

Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí wá jẹun ọ̀sán, "Nurse Bísí" ni obìnrin yìí ń pè mí. Ó ń pè é bí ẹni tó fẹ́ kí n dìde lọ kó àwo. Lẹ́yìn oúnjẹ àkọ́bù, ó gbé iPad rẹ̀ síwájú mi.

"Spain la lọ last summer," ló wí. "Ìlú kan létí òkun, Benalcor. Ẹ̀yin ò lè mọ ibẹ̀."

Mo wo àwòrán náà. Hòtẹ́ẹ̀lì funfun kan ni, alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, gíláàsì ń dán lára rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Bọ̀dá mi ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nígbà tó ṣì jẹ́ irin àti pákó, àwọn fúnra wọn dúró lókè pẹ̀lú akoto lórí.

"Mo mọ ibẹ̀," ni mo wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ dá mi lẹ́jọ́. Ṣé irọ́ ni mo pa? Bíríkìlà kọ́ ilé. Ẹni tó háyà bíríkìlà náà, ó kọ́ ilé. Olówó tí kò fọwọ́ kan iyanrìn rí láyé rẹ̀, a ó ní ó kọ́lé sí Ìkòyí, a ó sì bá a jó. Mo búra fún yín, nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ń jáde lẹ́nu mi, bíríkì ló wà lọ́kàn mi.

Fọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Gbéminíyì.

"Ẹ̀gbọ́n yín? Àwọn ni wọ́n kọ́ hotel yìí?"

"Àwọn ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Àti mẹ́ta mìíràn létí òkun yẹn."

"Timothy! Timothy, come and hear o! Ẹ̀gbọ́n Mummy Dára ló ni hotel tí a sùn sí!"

Mummy Dára. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ti kúrò ní Nurse Bísí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹran sínú àwo mi, èyí tó lọ́ràá jù. Àyè ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi láti sọ pé, "Rárá o, bíríkìlà ni wọ́n." Mo la ẹnu. Ẹran ni mo fi sí i.

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Báwo ni Bọ̀dá ṣe bẹ̀rẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ìlú yẹn máa dàgbà? Èmi tí mo jẹ́ pé ọdún Kérésì àti ọdún Àjíǹde nìkan ni mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi, mo wá ń pè wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

"Bọ̀dá, ẹ sọ fún mi, báwo ni Benalcor ṣe dàgbà tó báyìí?"

"Ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ gbọ́?"

"Lóòótọ́ ni, Bọ̀dá."

"Hẹn-ẹn. Abúlé apẹja ni mo bá níbẹ̀, Bísí. Àwọ̀n ni wọ́n ń sá sí etí omi. Ìyá arúgbó kan tó ní oko òroǹbó ló fún mi ní yàrá. Ní ọdún kejì, kírénì kan dé. Ní ọdún kẹta, ó di mọ́kànlá. Wọ́n ra oko ìyá yẹn, wọ́n gbẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ sí i. Àwọn ọmọ apẹja ò lọ sókun mọ́, wọ́n di ẹni tó ń gbé ọtí fún òyìnbó tó bọ́ra sílẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bá a lọ. "Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì á ní dandan, tòun gbọ́dọ̀ ga ju ti aládùúgbò, kí àlejò lè máa rí òkun. Wọ́n ga, wọ́n ga, títí tí ẹni tó dúró nílẹ̀ ò fi rí òkun mọ́. Agogo mẹ́ta ọ̀sán, òjìji ilé ti bo iyanrìn. Àwọn tó wá yá oòrùn á máa wọ́ àga kiri, wọ́n á máa lé oòrùn bí ẹni ń lé adìyẹ."

Ìlú òmùgọ̀, ni mo wí lọ́kàn mi. Wọ́n fi ògiri dí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́lé. Mo fi ìlú náà rẹ́rìn-ín dáadáa. N kò mọ̀ pé ara mi ni mò ń fi rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ìtàn náà dé ilé Dókítà, mo fi ata sí i. "Abúlé apẹja ni ẹ̀gbọ́n mi bá níbẹ̀," ni mo wí. "Wọ́n wo iwájú."

Dókítà mi orí. "Visionary."

Èmi náà mi orí. Ẹ̀yin ará mi, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń wò níwájú nígbà náà ni yàrá tí kò ní jò.

Láàárín oṣù mẹ́ta, Gbéminíyì ti gbé ọ̀rọ̀ yìí káàkiri. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí, tó ń gbé ní DeSoto, dì mọ́ mi ní ibi ìkómọ, ó ní òun ti gbọ́ nípa "family hotel" wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Lẹ́yìn náà ni Gbéminíyì pè mí. "Mummy Dára, honeymoon àwọn ọmọ. A ò bèèrè ọ̀fẹ́ o! Ẹ ṣáà ní kí Bọ̀dá sọ fún manager wọn, kí wọ́n fún wọn ní top floor."

"Ó máa ṣeé ṣe," ni mo wí. Ohùn mi ò tilẹ̀ gbọ̀n.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Bọ̀dá mi fọ̀rọ̀ tiwọn sílẹ̀. "Bísí, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mò ń bọ̀ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́."

"Bọ̀dá, orúnkún yín ńkọ́? Yìnyín máa ń bọ́ ní Dallas ní oṣù kejì. Ẹnikẹ́ni ò ní bínú bí ẹ ò bá wá."

"Ta ni yóò jókòó bíi bàbá ọmọ?"

"Díákónì kan wà ní ìjọ wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni..."

"Mo wà láyé, kí díákónì wá fa ọmọ mi lé àna lọ́wọ́? Bísí, kí ló ń ṣe ọ́?"

Wọ́n dé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ méjì ṣáájú mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Mo rí wọn ní pápákọ̀ òfurufú kí wọ́n tó rí mi. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti rí wọn kẹ́yìn. Ọwọ́ wọn ni mo kọ́kọ́ wò. Sìmẹ́ńtì ti jẹ ìka wọn, èékánná kan kò sí mọ́. Dípò kí n sunkún, ohun tí mo ń rò ni bí n ó ṣe fi ọwọ́ yẹn pa mọ́ fún Gbéminíyì. Ẹ rí i bí mo ṣe kéré tó?

"Àbúrò mi, o ti sanra!" Wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Mo ra kóòtù tuntun fún wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe ń jẹun, mo jókòó tì wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ.

"Bọ̀dá, àwọn àna wa ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Bí wọ́n bá bi yín nípa hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, ẹ ṣáà ní, 'Èmi ni mo kọ́ ọ.' Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́."

Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé o ti sọ fún wọn ni?"

"Mo ti sọ, sà."

"O sọ fún àna wa pé èmi ni mo kọ́ ọ?" Omi lé ròrò sí wọn lójú. "O fi mí yangàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Bí ìtìjú bá ṣẹ́ kù sí mi lára, ìgbà yẹn ló yẹ kó pa mí. Kò pa mí. Mo ní kí wọ́n jẹun kí ẹyin wọn má tutù.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn àna dé Rowlett. Méjìlá ni wọ́n, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ èso dání, Gbéminíyì sì ṣíwájú wọn pẹ̀lú gèlè tó fẹ́ẹ̀ má lè gba ẹnu ọ̀nà mi. Ẹ mọ bí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ṣe ń rí. Oníkálukú á dìde, á sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó jẹ́ sí ọmọ. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n dìde, wọ́n na kóòtù tuntun náà sílẹ̀.

"Túnbọ̀sún ni orúkọ mi. Bàbá ọmọ ni mí."

Pàtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún wọn pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

"Bàbá, a dúpẹ́ o," ni Dókítà wí. "A dé ọ̀dọ̀ yín ní Benalcor last summer, ẹ ò sí nílé. Ọjọ́ márùn-ún la lò nínú hotel yẹn. Wonderful place."

Mo ń fi ojú bẹ Bọ̀dá. Ẹ ní ẹ kọ́ ọ, kí ẹ sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n inú wọn ti dùn jù.

"Èmi ni mo kọ́ ọ!" ni wọ́n wí. "Àjà kelòó ni wọ́n fi yín sí?"

"Twenty-second floor."

"Ìkejìlélógún! Èmi ni mo lẹ táìsì balùwẹ̀ ibẹ̀. Ṣé ẹ kíyè sí táìsì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ẹja orí rẹ̀ dorí kodò? Fọ́máànù bú mi lọ́jọ́ náà, ni mo bá mọ̀ọ́mọ̀ lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Gbéminíyì ló ròkè jù. "Bàbá, ẹ̀yin náà! Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń lẹ táìsì? Ṣé kò sí bíríkìlà ni?"

"Bíríkìlà kẹ̀?" Bọ̀dá mi ń rẹ́rìn-ín. "Èmi ni bíríkìlà."

Ẹ̀rín náà ṣì ń lọ fún ìgbà díẹ̀, nítorí àwọn kan ò tíì gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ń kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ̀dá ò kíyè sí i. Wọ́n ti fa ìwé àwòrán kan jáde nínú báàgì wọn, wọ́n ṣí i lé Dókítà lórí itan.

"Bísí sọ fún mi pé ẹ fẹ́ràn ìtàn ìlú náà. Ẹ wò ó, èmi nìyí lórí pákó, ní àjà kejìlá. Eléyìí ọmọ Senegal ni, ó jábọ́ lóṣù tí a fẹ́ parí rẹ̀, ó kú. Ẹnu ọ̀nà nìyí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i, n kò tíì wọ inú rẹ̀ rí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn kì í jẹ́ kí irú wa wọlé."

Gbéminíyì na ìka kan, ó fi pa ìwé náà dé.

"Mummy Dára. Ẹ̀yin lẹ sọ pé Bọ̀dá ló kọ́ ọ."

"Àwọn náà ló kọ́ ọ." Ohùn mi ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Ẹ sọ pé ó máa ṣeé ṣe. Ẹ ní wọ́n máa bá manager wọn sọ̀rọ̀."

Dárasími dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. "Mom. What did you tell these people?"

Bọ̀dá wo ojú Gbéminíyì. Wọ́n wo Dókítà, ẹni tó ti ń fi ọwọ́ ti ìwé náà kúrò lórí itan díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo apá kóòtù tí mo rà fún wọn. Mo rí i nígbà tó yé wọn. Mo ti wo ojú ọ̀pọ̀ aláìsàn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ burúkú fún, n kò rí irú ojú yẹn rí.

"Bísí, o sọ fún wọn pé èmi ni mo ni hòtẹ́ẹ̀lì?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, Bọ̀dá. Mo ní ẹ kọ́ ọ ni."

"Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí ò ń pè mí, tí ò ń ní kí n sọ ìtàn ìlú yẹn fún ọ, ṣé ohun tí ò ń kó lọ fún wọn nìyẹn?"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo rò pé o fẹ́ gbọ́ ni." Wọn ò pariwo. "Ọgbọ̀n ọdún, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. Mo rò pé àbúrò mi fẹ́ gbọ́."

Mo kúnlẹ̀. Wọn ò wo ilẹ̀ tí mo wà.

"Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà," ni wọ́n wí. "Ìwọ, mo kọ́ ọ, Bísí. Mo kọ́ ọ dé ibi tí agbára mi mọ. Ilé tí kì í ṣe tèmi lo gbé lé mi lórí, èmi gan-an lo wá tà."

Wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n ká a sórí àga. Wọ́n kọjú sí àwọn àna, wọ́n dúró nínú ṣẹ́ẹ̀tì lásán. "Ẹ má bínú. Ọmọ wa ò mọ nǹkan kan nípa irọ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tó kó wa jọ." Àwọn ni wọ́n gbàdúrà fún àwọn ọmọ méjèèjì. Tèmítáyọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún wọn gbọọrọ, ó pẹ́ kó tó dìde. Ohun kan ṣoṣo tó dára tí mo rí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti di ẹrù. Dárasími ló wa mọ́tò. Wọn ò jẹ́ kí n sìn wọ́n.

Gbéminíyì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi: "A ò ní nǹkan kan lòdì sí bricklayer o. Irọ́ la ò fẹ́." Ẹ gbọ́ o! Obìnrin tó fi ẹnu kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ní àkọ́tún láti Addison dé DeSoto, tó fi ìka kan pa ìwé òkú dé, irọ́ ni kò fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni mo lè sọ? Òótọ́ ló wí. Òun fi mí ṣe fújà, èmi fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe tèmi, ta ni kí n bú? Nísinsìnyí, bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èwe ìjọ á máa rọra pè mí ní "Mummy Hotel."

Àwọn ọmọ fẹ́ra ní oṣù kẹfà. Bọ̀dá ò wá. Díákónì ló fa ọmọ mi lé ọkọ lọ́wọ́, bí mo ṣe fẹ́ kó rí níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní bíríkìlà nínú ẹbí, tí ẹ ń pè é ní "contractor" fún àwọn ọ̀rẹ́ yín, ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń ta ẹ̀pà, tó di "businesswoman" ní kété tí ẹ wọkọ̀ òfurufú. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ kì í ṣe irọ́. Tèmi náà kì í ṣe irọ́. Ẹ wo ibi tó gbé mi dé.

Kò sí ọjọ́ tí n kì í pe Bọ̀dá. Fóònù á dún títí, á dákẹ́.

Nígbà tí Dárasími àti ọkọ rẹ̀ lọ sí Benalcor, wọn ò dé ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì kankan. Inú yàrá méjì tí Bọ̀dá ń gbé ni wọ́n sùn, ní òpópónà kẹrin lẹ́yìn etí òkun, níbi tí ènìyàn ò ti lè rí òkun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Dárasími pè mí lórí fídíò láti ojú ọ̀nà kan tó lọ sí etí òkun. Mo rí òkun láàárín ògiri méjì, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ti ilẹ̀kùn lọ. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń bó ọsàn fún Tèmítáyọ̀.

"Uncle, Mom fẹ́ kí yín," ni Dárasími wí, ó gbé fóònù síwájú wọn.

Mo kúnlẹ̀ nínú kíṣíìnì mi. "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Wọ́n wo fóònù náà. Wọ́n rí mi, ojú wa ṣe mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí ọmọ mi.

"Sọ fún un pé mo kí i."

"Uncle, she can hear you."

"Mo mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, wọ́n ń bá ọsàn wọn lọ. "Ṣáà bá mi kí i."